Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Tí Mo Fọwọ́ Sí

Tí ẹ bá kà á tán, ẹ lè bá mi wí. Àwọn tó sún mọ́ mi ti bá mi wí títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, tí ẹ ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ẹ ò rí ohun tí ọ̀gá fi jù yín lọ mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì lọ́yà láti máa tẹ ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá lórí kọ̀ǹpútà, ojú mi sì máa ń mú nǹkan. Kí n tó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, mo ti mọ iye ẹ̀dà tí kóòtù ń gbà. Mo mọ fèrèsé tí wọ́n ti ń gbàwé, mo mọ èyí tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀. Mo mọ akọ̀wé kóòtù tó máa ń dá odidi fáìlì padà torí pé ojú ìwé kan ṣoṣo ò ní nọ́ńbà. Àwọn lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á wá bá mi lórí ìlà, wọ́n á rọra ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Lọ́yà Kékeré nìyẹn. Bàbá oníṣẹ́ kóòtù, ẹni tó ń gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fáwọn èèyàn nílé wọn, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, á ṣí fìlà.

"Lọ́yà Kékeré, ta la fẹ́ kó sí wàhálà lónìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà, tí ẹ ò bá tètè gbàwé yìí lọ́wọ́ mi."

Gbogbo ìlà á bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù mi lọ.

Ìyá mi gbé e délé. Ẹni tó bá béèrè mi, á ní, "Ọmọ mi wà ní kóòtù." Kò parọ́, mo wà ní kóòtù lóòótọ́. Èmi náà ò sì la ẹnu mi sọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ fi orúkọ náà wá mi wá. Irun ló ń dì, nítorí náà Àǹtí Onídìrí ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ kú, wọn ò bímọ. Ilé oníyàrá mẹ́rin kan ni wọ́n jọ kọ́, ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ sì wà níwájú ilé náà. Orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n sin ọkùnrin náà tí àbúrò rẹ̀ fi gbé àgádágodo wá. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni, ẹni tí ò bímọ síbẹ̀ kó palẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àǹtí mi wá jókòó síwájú tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Òórùn ìpara irun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ́yà mi, ilé mi ń lọ."

"Kò níbi tó ń lọ," ni mo wí. "Ta ló mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ra ilẹ̀ náà?"

"Bàbá Bíríkìlà. Òun ló kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Ó wà níjokòó lọ́jọ́ tí a ra ilẹ̀. Etí ẹ̀ ni ọkọ mi ti sọ pé tèmi-tìẹ ni."

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Mo wọlé lọ bá ọ̀gá, lọ́yà tó ni ọ́fíìsì náà. Ojú ti ń da ọ̀gá láàmú. Ọ̀la ọjọ́ yẹn gan-an ló ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú, tí yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ náà kalẹ̀ tó o bá lè kọ ọ́. Tí kò bá lè dúró dè mí, gbé e fún Lọ́yà Tuntun kó fọwọ́ sí i."

Lọ́yà Tuntun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀gá gbà síṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to fáìlì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá lọ sí kóòtù, fèrèsé tí kì í ṣe tiẹ̀ ló lọ, akọ̀wé kóòtù sì ti fáìlì rẹ̀ padà sí i láyà níṣojú gbogbo èèyàn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín tó nílé. Torí náà, nígbà tí ọ̀gá dárúkọ rẹ̀, mo kàn ń mi orí ni.

Ọjọ́ kẹta tí ọ̀gá lọ, àǹtí mi pè mí. Ẹkún ni ó ń sun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti mú ẹni tó fẹ́ rà á wá, wọ́n ti ń fi téèpù wọn ilé.

Mo jókòó, mo kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo wo bí ọ̀gá ṣe kọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo yọ ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà yẹn kúrò, mo fi ti àǹtí mi sí i. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dáa. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà yìn ín. Ohun tó kù ò ju kí ẹni tó yẹ fọwọ́ sí i.

Lọ́yà Tuntun wà nídìí tábìlì rẹ̀.

"Àbúrò, kí nìyẹn?"

"Ìwé àǹtí mi. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, kí n máa lọ kí wọ́n tó ti fèrèsé."

Ó gbà á, ó ṣí i. Ó ka ojú ìwé kìíní, ó padà sórí rẹ̀, ó tún un kà. Ara mi ti ń gbóná.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

"Mi ò ní ó wà. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí kò tíì yé mi délẹ̀ ni. Nǹkan márùn-ún ló wà tí mo fẹ́ fẹnu ara mi bi àǹtí ẹ. Ní kí wọ́n wá láàárọ̀ ọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀? Àwọn tó fẹ́ ta ilé ti gbé téèpù dé."

"Ọ̀la náà ni, àbúrò. Orúkọ mi ló máa wà lábẹ́ ẹ̀."

Mo na ọwọ́, mo gba ìwé náà padà. Mo ní kò burú, ọ̀gá á fọwọ́ sí i fúnra wọn. Nínú mi, ohun tí mò ń sọ yàtọ̀. Mò ń sọ pé: ìwọ tí o ò mọ fèrèsé, ìwọ lo fẹ́ máa yẹ iṣẹ́ mi wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà ọ́fíìsì wa kan fún yín. Tí lẹ́tà bá ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, tí ọ̀gá ò sí nítòsí, èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i. Màá kọ "fún" síwájú orúkọ ọ̀gá, màá sì fa ọwọ́ mi sókè rẹ̀. Ọ̀gá ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é bóyá ní igba ìgbà, kò sí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onísìmẹ́ńtì tó wà níwájú kóòtù, mo gbé fáìlì lé itan, mo kọ "fún", mo fa ọwọ́ mi. Ọkàn mi ò já. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí dòní nìyẹn.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Kóòtù pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ilé náà. Àǹtí mi sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti di opó.

Lọ́yà Tuntun rí ẹ̀dà nínú fáìlì. "Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ọ̀gá ni. Mo gbé e lọ bá wọn ní ọsíbítù."

Ó wò mí díẹ̀, ó pa fáìlì dé.

Ọ̀gá náà dé. Ojú rẹ̀ ṣì ń ṣomi, wọ́n ní kó má tíì máa kàwé. Ó ní, "Wọ́n ní o kọ ìwé kan tó dáa. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Lọ́yà Tuntun ni, sà."

"Ọmọ yẹn ń gbìyànjú."

Irọ́ méjì, fún èèyàn méjì, nínú ọ́fíìsì oníyàrá kan àbọ̀. Ọ̀gá rò pé ọmọ iṣẹ́ òun ló fọwọ́ sí i. Ọmọ iṣẹ́ rò pé ọ̀gá òun ni. Àwọn méjèèjì fọkàn tán mi, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bi ẹnì kejì.

Ẹjọ́ náà lé ní ọdún méjì. Ọjọ́ tí Bàbá Bíríkìlà jẹ́rìí, àga ni wọ́n gbé fún un, torí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́yà àbúrò ọkọ fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀wé?"

"Mi ò mọ̀wé. Búlọ́ọ̀kù ni mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ ẹni tó ni ilé tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà lórí ìwé ẹ̀?"

"Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì ẹ̀, ọmọ mi. Obìnrin yìí ló ń pọn omi tí mo fi ń pò ó. Ọkọ ẹ̀ sọ létí mi pé àwọn méjèèjì ló ni í. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹ yẹn, mi ò rí i níbẹ̀ rí, àfi lónìí tó wọ aṣọ tó dáa."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín, adájọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ìdájọ́ dé, a jàre. Níta kóòtù, àǹtí mi kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níṣojú gbogbo èèyàn. "Lọ́yà mi, ìwọ lo gbé mi dìde." Ọ̀gá àti Lọ́yà Tuntun tí wọ́n fi ọdún méjì rojọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé e dìde, mi ò sì sọ pé kó yíjú sí wọn.

Oṣù keje lẹ́yìn ìdájọ́, Bàbá Bíríkìlà kú. Mo bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Gbogbo ohun tí mo rò ni pé àgbàlagbà ló lọ yẹn.

Àbúrò ọkọ ti gba ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ó pààrọ̀ lọ́yà. Obìnrin kan ló gbà, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ sùn lọ. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Àǹtí mi jókòó tì mí lẹ́yìn pátápátá, ibi táwọn akọ̀wé ń jókòó.

Obìnrin náà dìde. "Ẹ̀yin Olúwa mi, a ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilé lónìí. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ la fẹ́ kí ẹ wò. Ẹnì kan kọ 'fún' síwájú orúkọ agbẹjọ́rò, ó sì fọwọ́ sí i. A fẹ́ mọ ẹni náà."



Adájọ́ tó wà láàárín wo ọ̀gá. "Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Ọ̀gá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Ojú rẹ̀ ti ríran dáadáa báyìí. "Rárá, Olúwa mi. Ti agbẹjọ́rò kejì ní ọ́fíìsì mi ni." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ó sì yíjú sí Lọ́yà Tuntun kó dìde wí bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Tuntun dìde. Ó wo ìwé, ó wo ọ̀gá. "Kì í ṣe tèmi, Olúwa mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ọ̀gá ló fọwọ́ sí i."

Àwọn méjèèjì yí orí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wò mí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe níjokòó yẹn. Mò ń gbàdúrà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀kan nínú wọn parọ́.

Ọ̀gá kọjú síwájú. "Olúwa mi, mo gbà pé akọ̀wé ọ́fíìsì mi ni."

"Ṣé agbẹjọ́rò ni?"

"Rárá."

"Ṣé ó wà nínú kóòtù?"

Mo dìde. Orúnkún mi kọlu bẹ́ǹṣì iwájú.

"Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi."

"Ṣé orúkọ yín wà nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò?"

"Rárá, Olúwa mi."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan rín ẹ̀rín kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ láàárín àwọn akọ̀wé. Àǹtí mi fa aṣọ mi nísàlẹ̀, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "Kí ni wọ́n ń wí? Ṣé wọ́n ń yìn ẹ́ ni?"



Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìdájọ́. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní ìwé tí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò bá fọwọ́ sí, bébà lásán ni. Wọ́n ní bí kò bá sí ìwé ìpẹ̀jọ́, kò sí ẹjọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sì ṣe nínú ẹjọ́ tí kò sí, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni. Wọ́n ní kò sí ohun tó ní kí àǹtí mi má tún ẹjọ́ náà pè.

Ọ̀gá ló túmọ̀ rẹ̀ fún àǹtí mi lórí àtẹ̀gùn kóòtù. Ó gbọ́ ọ parí, ó nu ojú.

"Kò burú, sà. A ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ sọ fún Bàbá Bíríkìlà kó..."

Ọwọ́ tó fi ń nu ojú dúró sójú.

Ọ̀gá tún ẹjọ́ náà pè lóòótọ́, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ilẹ̀ ti kú tipẹ́, bíríkìlà ti kú, lọ́yà olóhùn jẹ́jẹ́ sì ní kí wọ́n má ka ẹ̀rí ẹjọ́ tí kò sí. Adájọ́ gbà fún un. Ẹ̀rí tí gbogbo kóòtù fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó wà lákọsílẹ̀, kò sì wúlò. Àbúrò ọkọ jàre, ó ta ilé láàárín oṣù kan. Ẹni tó rà á ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ pátákó ṣọ́ọ̀bù irun náà, ó gbé e ti ògiri fún àǹtí mi.

Ìgbìmọ̀ àwọn agbẹjọ́rò pe ọ̀gá. Wọ́n bá a wí nínú ìwé, bàbá tó ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe iṣẹ́ náà láìsí àbàwọ́n. Nígbà tó dé, ó pè mí wọlé. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo.

"Jókòó. Ṣé o rò pé torí pé o kéré ni wọn ò ṣe jẹ́ kó o fọwọ́ sí i?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

"Adájọ́ ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni rojọ́. Akọ̀wé kóòtù ń gba ìwé, kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó jàre. Oníṣẹ́ kóòtù ń gbé e lọ, kò kàn án bó ṣe máa parí. Èmi tí mò ń rojọ́, mi ò gbọdọ̀ jẹ́rìí nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kéré níbẹ̀. Ọwọ́ kálukú ní ibi tó dé. Èmi tí mo bá fọwọ́ sí i, tó bá bàjẹ́, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ?"



"Èmi náà jẹ̀bi," ni ọ̀gá wí. "Mo jẹ́ kó o máa kọ 'fún' kọ 'fún', mi ò sọ ibi tó parí sí fún ẹ." Lẹ́yìn náà ló ní kí n kó àwọn nǹkan mi.

Lọ́yà Tuntun ló bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Nǹkan márùn-ún tí mo fẹ́ bi àǹtí ẹ lọ́jọ́ yẹn, mo bi wọ́n nígbà tó yá. Wákàtí kan la lò." Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. Ì bá sàn kó sọ ọ́ tìkà-tìkà.

Àǹtí mi ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá mi báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń dirun. Ọjọ́ tó kó dé, mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó ń ká aṣọ lọ.

"Mo rò pé lọ́yà ni ẹ́," ló wí.

"Àǹtí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín rí."

"O ò sọ pé o kì í ṣe é náà."

Ìyá mi wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti dá ọ̀rọ̀ "Ọmọ mi wà ní kóòtù" dúró. Ó kọjá lọ sí kíṣìnì.

Ẹ ó ṣe kàyéfì pé iṣẹ́ náà ni mo ṣì fẹ́. Mo padà lọ kàwé, mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì tí mo sá fún tẹ́lẹ̀, mo yege, mo sì ka ìmọ̀ òfin jáde. Ní oṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ òfin fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ǹjẹ́ o ti pe ara rẹ ní agbẹjọ́rò rí, tàbí ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò láìní àṣẹ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣàlàyé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ rárá, pé ta ló máa tú fáìlì kóòtù wò. Mo rò ó. Mi ò ní tàn yín, ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó.

Ọjọ́ kẹta, mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá ń ṣàlàyé. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí ránṣẹ́ sí yín, wọn ò tíì fèsì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má gbà mí láéláé.

Lọ́jọ́ tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù náà, àǹtí mi ń dirun fún obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti wò mí títí.

"Kí lò ń kọ látàárọ̀?"

Mo kà á fún un. Mo ti kọ ọ́ pé, mo fọwọ́ sí ìwé ìpẹ̀jọ́ oníbàárà kan nígbà tí mi ò ní àṣẹ, oníbàárà náà sì pàdánù dúkìá.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun. "Oníbàárà kan?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni, àǹtí."

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kọ ọ́ pé àbúrò ìyá ẹ ni mí. Má kọ dúkìá, ilé ni, kọ ilé. Yàrá mẹ́rin. Kọ nọ́ńbà ẹ̀."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní kí oníbàárà rẹ̀ tẹrí ba sí i díẹ̀, ó sì ń bá irun rẹ̀ lọ.